Orí Kẹfà: Kámẹ́rà Mirrorless fún Ẹni Tówó Rẹ̀ Mọ Níwọ̀n

Ìró "kàlákà" tí à ń gbọ́ lára kámẹ́rà àwọn onífọ́tò lóde ìgbéyàwó, dígí ló ń dún bẹ́ẹ̀. Nínú kámẹ́rà DSLR, dígí kékeré kan wà lẹ́yìn lẹ́ńsì, ó dà gẹ̀rẹ́, òun ló ń darí ìmọ́lẹ̀ sókè sí ihò tí onífọ́tò ń yọjú sí. Bó bá ti tẹ bọ́tìnnì, dígí yẹn á fò sókè, ṣọ́tà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á ṣí, ìmọ́lẹ̀ á wọlé bá sẹ́ńsọ̀, ìyẹn pátákó tín-ínrín tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di àwòrán. Lẹ́yìn náà ni dígí á tún já wálẹ̀ padà. Gbogbo rẹ̀ á ti parí kéèyàn tó ṣẹ́jú.

Lọ́dún 2008, ilé-iṣẹ́ Panasonic gbé kámẹ́rà kan jáde tó ń jẹ́ Lumix G1. Wọ́n ti yọ dígí náà kúrò pátápátá. Olympus tẹ̀ lé e ní 2009, Sony ní 2010, Canon ní 2012. Àwọn tó ń fi iṣẹ́ fọ́tò jẹun kọ́kọ́ fojú ohun ìṣeré wo kámẹ́rà mirrorless wọ̀nyí. Ìgbà tí Nikon gbé Z6 àti Z7 jáde ní 2018, tí Canon náà gbé EOS R sọ́jà lọ́dún yẹn kan náà, ni ọ̀rọ̀ tó yí padà. Ó ti pẹ́ tó báyìí tí àlòkù mirrorless fi kún ọjà, ìyẹn sì ni orí yìí dá lé. Kámẹ́rà tí olówó lò fún ọdún mẹ́ta, tó wá tà kó lè ra tuntun, kò tíì gbó rárá.

Kí ni yíyọ dígí kúrò wá ṣe fún ẹni tó fẹ́ rà á? Ohun àkọ́kọ́ ni pé ìmọ́lẹ̀ ń bá sẹ́ńsọ̀ ní gbogbo ìgbà tí kámẹ́rà bá wà ní títàn, nítorí náà ohun tí sẹ́ńsọ̀ rí gan-an lẹ̀ ń wò lójú kámẹ́rà kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Ẹni tí kò bá tíì ya ìyàwó aláwọ̀ dúdú tó wọ léèsì funfun lè má mọ bí èyí ti ṣe pàtàkì tó. Mítà inú kámẹ́rà, ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, kò mọ̀ pé ìyàwó ni òun ń wò. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni pé kó mú gbogbo nǹkan wá sí àwọ̀ eérú, láàárín funfun àti dúdú. Bí léèsì funfun bá gba gbogbo ojú àwòrán, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, léèsì á di eérú, ojú ìyàwó á di èédú. Bí ọkọ ìyàwó bá sì wọ kóòtù dúdú síwájú ògiri dúdú, á ṣe òdìkejì, á tan ìmọ́lẹ̀ jù, iwájú orí ọkọ á máa dán yanran.

Àwọn kámẹ́rà tuntun ti ń gbìyànjú láti dá ojú èèyàn mọ̀ kí wọ́n tó wọn ìmọ́lẹ̀, àmọ́ kò tíì mú àṣìṣe yìí kúrò. Lórí DSLR, ìgbà tẹ́ ẹ bá ti yà á tán lẹ máa rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Lórí mirrorless, ìṣojú yín ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ wá bọ́tìnnì tí wọ́n kọ àmì + àti − sí lára, ẹ yí i lọ sápá + díẹ̀díẹ̀, ẹ máa wo ojú ìyàwó títí tí awọ ara rẹ̀ á fi jáde bó ṣe rí gan-an. Kẹ́ ẹ sì máa wo léèsì náà o. Bí iṣẹ́ ara rẹ̀ bá ti ń pòórá, tó ń di funfun báláú, ẹ ti kọjá ààlà, ẹ dín in kù díẹ̀. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà Sony ní ìlà wínníwínní kan tí wọ́n ń pè ní zebra, tó máa ń rìn lórí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ tàn án, ẹ sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì, dígí ti máa ń gba àyè. Lórí DSLR Canon, mílímítà 44 ló wà láàárín ẹnu ibi tí lẹ́ńsì ti ń wọlé àti sẹ́ńsọ̀; lórí Sony mirrorless, mílímítà 18 péré ni. Àyè tó ṣẹ́ kù yẹn ni adápítọ̀, òrùka tó ń so lẹ́ńsì mọ́ kámẹ́rà, ń dí. Ìdí nìyẹn tí lẹ́ńsì DSLR àtijọ́ fi lè wọ mirrorless, tí lẹ́ńsì mirrorless kò fi lè wọ DSLR. Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n kan tó ti fi fọ́tò ṣiṣẹ́ rí, tí lẹ́ńsì Canon ògbólógbòó wà nínú àpótí rẹ̀, ẹ lọ kí i dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ọ̀rọ̀ owó. Èrò tèmi rèé, mi ò sì ní fi bọpo bọyọ̀: ara kámẹ́rà kò gbọ́dọ̀ jẹ ju ìdajì owó tẹ́ ẹ ní lọ. Ìdajì tó kù jẹ́ ti lẹ́ńsì, máìkì, bátìrì àti káàdì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń kó gbogbo owó lé ara kámẹ́rà, tí wọ́n á wá fi lẹ́ńsì tó bá a wá nínú páálí ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin, tí wọ́n á máa bi ara wọn léèrè ìdí tí fọ́tò wọn kò fi yàtọ̀ sí ti fóònù.

Ẹ wo sẹ́ńsọ̀ ná. Èyí tí wọ́n ń pè ní full frame jẹ́ mílímítà 36 ní ìbú, 24 ní gíga. APS-C, èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ mirrorless olówó pọ́ọ́kú, jẹ́ bíi 23.5 sí 15.6 lórí Sony, ti Canon kéré sí i díẹ̀. Micro Four Thirds ti Panasonic àti Olympus jẹ́ 17.3 sí 13. Bí ẹ bá ṣírò fífẹ̀ wọn, full frame lé díẹ̀ ní ìlọ́po méjì APS-C. APS-C náà sì fẹ̀ gan-an ju ti fóònù lọ. Bí sẹ́ńsọ̀ bá ṣe fẹ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ tó ń rí gbà ṣe ń pọ̀ tó, òru la sì ti ń mọ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n full frame ń béèrè lẹ́ńsì ńlá, lẹ́ńsì ńlá ń béèrè owó ńlá. APS-C ni kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ rà.

Ní ti megapixel tí àwọn ọlọ́jà ń pariwo, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Fọ́tò megapixel 24 jẹ́ àmì kéékèèké 6000 sí 4000. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ síta kọ́ sára ògiri pálọ̀, á fẹ̀ tó ínṣì 20 láìdín dídán rẹ̀ kù rárá. Fídíò 4K kò sì lò ju megapixel 8 àti díẹ̀ lọ.

Lẹ́ńsì ni owó yẹ kó lọ. Èyí tó máa ń bá kámẹ́rà wá nínú páálí ni 16-50mm tàbí 15-45mm, tí nọ́ńbà rẹ̀ máa ń jẹ́ f/3.5-5.6 tàbí f/3.5-6.3. Nọ́ńbà f yìí ń sọ bí ihò inú lẹ́ńsì ṣe lè ṣí tó, ó sì ń ṣe lódìlódì: bí nọ́ńbà bá kéré, ihò tóbi. Lẹ́ńsì f/1.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá èyí tí f/5.6 ń gbà. Ẹ fi èyí wo gbọ̀ngàn òde ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, níbi tí wọ́n ti pa iná ńlá, tó jẹ́ iná aláwọ̀ mèremère tí DJ gbé wá nìkan ló ń tàn. Bí lẹ́ńsì inú páálí bá fi ipá mú kámẹ́rà gbé ISO, nọ́ńbà tó ń sọ bí kámẹ́rà ṣe ń fi kún ìmọ́lẹ̀, lọ sí 12800, níbi tí àwòrán ti ń ṣe hóróhóró bíi pé wọ́n da iyanrìn sí i, lẹ́ńsì f/1.8 á ya àwòrán kan náà ní nǹkan bí ISO 1300. Kò sí ara kámẹ́rà tẹ́ ẹ lè fi iye owó irú lẹ́ńsì yẹn rà tó lè fún yín nírú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èwo wá ni kẹ́ ẹ rà? Gbogbo èèyàn ló máa ń dárúkọ 50mm f/1.8 nítorí pé owó rẹ̀ kò gani lára. Àmọ́ lórí APS-C, 50mm ń ríran bíi 75mm lórí Sony, bíi 80mm lórí Canon. Ó dára fún ojú àti àyà, ó dára fún gèlè. Bí ẹ bá wà nínú yàrá ìkómọ tí kò fẹ̀, tẹ́ ẹ fẹ́ kó ìyá, bàbá, ọmọ àti ìyá-àgbà méjèèjì sínú àwòrán kan, ẹ̀yìn yín á ti kan ògiri kí ojú wọn tó pé. Sigma 30mm f/1.4 ló bọ́ sí mi lójú jù, ó wà fún Sony, ó wà fún Canon EF-M, ti àwọn kámẹ́rà bíi M50, ó sì wà fún Micro Four Thirds. Ẹni tó bá ra Canon M50 lè wá 22mm f/2 Canon fúnra rẹ̀, ó fẹ́lẹ́, ó sì ń ríran tó láti gba èèyàn mẹ́fà.

Fídíò ní òfin tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ kámẹ́rà olówó kékeré ti ń fi àbùkù wọn hàn. Sony a6000, tó jáde ní 2014, ń ya fọ́tò tó wuyì di òní, megapixel 24 ni, ó sì lè ya fọ́tò 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n kò ní ihò máìkì, kò sì ń ya 4K. Ẹni tó fẹ́ máa gba ìwàásù sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Canon M50 ti 2018 ní ihò máìkì, ojú rẹ̀ ń yí síwájú, àwọ̀ èèyàn sì ń jáde dáadáa lórí rẹ̀. Wọ́n kọ 4K sí i lára, àmọ́ bí ẹ bá tàn án, á gé ẹ̀gbẹ́ àwòrán dànù, fókọ́ọ̀sì rẹ̀ tó yára á sì máa lọ́ra. Kámẹ́rà 1080p, fídíò tó rẹlẹ̀ sí 4K, ni M50, kẹ́ ẹ sì rà á bẹ́ẹ̀. Ẹ tún mọ̀ pé Canon ti pa ìdílé EOS M rẹ́, lẹ́ńsì EF-M kò sì lè wọ kámẹ́rà EOS R. Bí owó rẹ̀ bá wálẹ̀ dáadáa, ìyẹn kò ní kẹ́ ẹ sá fún un. Bí ó bá jọ iye tuntun, ẹ kọjá lọ.

Sony ZV-E10 ti 2021 ni mo máa ń dárúkọ fún ẹni tí fídíò bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ju fọ́tò lọ. Ó ní ihò máìkì, ó ní ihò tí a ti ń fi etí gbọ́ ohun tó ń gbà, ojú rẹ̀ ń ṣí síta. Kò ní ihò ìyọjú, nítorí náà lábẹ́ oòrùn ọ̀sán gangan ẹ máa fi ọwọ́ ṣíji bo ojú rẹ̀. Nígbà tó jáde, nǹkan bí 700 dọ́là ni ara rẹ̀ nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ tuntun nínú páálí lè wo Canon R50 ti 2023, tí 4K rẹ̀ kì í gé ẹ̀gbẹ́ dànù. R100 ló rẹlẹ̀ jù ní iye nínú ìdílé EOS R, àmọ́ ojú rẹ̀ kì í yí, bẹ́ẹ̀ ni kò gba fífọwọ́tẹ̀ bíi fóònù. Mi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa rà á níwọ̀n ìgbà tí àlòkù M50 bá wà. Panasonic G7 ti 2015 wà fún ẹni tówó rẹ̀ kéré gan-an tó sì ń fẹ́ 4K àti máìkì, bí kò bá máa bínú sí fókọ́ọ̀sì tó ń ṣíyèméjì.

Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 29 náà wà ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àtijọ́, a6000 àti M50 wà lára wọn, máa ń dá gbígbà dúró fúnra wọn kó tó pé ìdajì wákàtí. Owó kọ́sítọ́ọ̀mù ilẹ̀ Yúróòpù ló fà á: kámẹ́rà tó bá lè gba ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀kan náà, fídíò kámẹ́rà ni wọ́n ń kà á sí nígbà náà, owó rẹ̀ sì ga jù. Àwọn tó ń ṣe é wá fi òpin sí i. Ìsìn wákàtí mẹ́ta ní Ìbàdàn kò mọ nǹkankan nípa kọ́sítọ́ọ̀mù Yúróòpù, ẹni tó bá gbé irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ka trípọ́ọ̀dù tó lọ jẹun á pàdánù àárín ìwàásù. ZV-E10 kò ní òpin yìí. Ooru ni òpin tirẹ̀, pàápàá lórí 4K. Ẹ wọ inú àkójọ ètò rẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Auto Pwr OFF Temp. sí, ẹ gbé e sí High.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tó ń ṣàlàyé kámẹ́rà láti Amẹ́ríkà kì í sọ fún wa, nítorí kò kàn wọ́n. Iná mànàmáná wa ní Nàìjíríà ń yí padà ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwọn jẹ́ 60. Ìyẹn ni pé gílóòbù wa ń mọ́lẹ̀ tó sì ń ṣú ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú èèyàn kò lè rí i, kámẹ́rà ń rí i. Bí ẹ bá gbé kámẹ́rà tó wá láti Amẹ́ríkà, tó wà ní ètò NTSC, tí ṣọ́tà rẹ̀ wà ní 1/60 tàbí 1/125, lábẹ́ gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú, ìlà dúdú á máa gòkè á máa sọ̀kalẹ̀ lójú fídíò. Ẹ lọ sínú ètò, ẹ yí NTSC sí PAL, ẹ máa gba fídíò ní 25 tàbí 50, kí ṣọ́tà wà ní 1/50 tàbí 1/100. Ìlà yẹn á lọ. Ẹ kó ohun tó wà lórí káàdì kúrò kẹ́ ẹ tó yí i, torí ó lè ní kẹ́ ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Lábẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré, tí kì í sáré dọ́gba, ìlà náà lè tún yọjú díẹ̀. Ẹ máa yí ṣọ́tà síwá sẹ́yìn títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá.

Ìdí mìíràn tí fídíò fi ń ṣe wọ́kuwọ̀ku ni pé sẹ́ńsọ̀ kì í ka àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà kọ̀ọ̀kan ló ń kà, láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ń kàwé. Bí ẹ bá yí kámẹ́rà yára lọ sápá ọ̀tún, òpó gbọ̀ngàn á ti kúrò níbi tó wà kí kíkà tó dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, á wá dà bí ẹni fẹ́ ṣubú. 4K orí ZV-E10 ní àléébù yìí dáadáa. Ẹ máa yí kámẹ́rà jẹ́jẹ́.

Ohùn sì wà. Èèyàn máa ń fara da àwòrán tí kò mọ́lẹ̀ tó, kì í fara da ohùn tí kò dún. Máìkì tó wà lára kámẹ́rà ń gbọ́ ọwọ́ yín, ó ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀, kó tó gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sún kúrò lọ́dọ̀ ẹni náà ní ìlọ́po méjì, agbára ohùn tó ń dé ọ̀dọ̀ máìkì á ti bọ́ sí ìdá mẹ́rin níta gbangba. Máìkì kékeré onílílẹ̀ máyà, tó ní wáyà gígùn, kò gbówó lórí, ó sì ju máìkì ńlá orí kámẹ́rà lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹni tó bá wọ agbádá, ẹ má fi í sábẹ́ agbádá, aṣọ tó ti gbẹ fún sítáàṣì á máa ha á lára. Ẹ fi kọ́ ọrùn bùbá nínú, kí orí máìkì yọ síta díẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá wá ń lọ sọ́jà, bóyá Computer Village ní Ìkẹjà tàbí lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta tirẹ̀, ẹ mú káàdì tiyín lọ, ẹ mú bébà funfun kan àti tọ́ọ̀ṣì. Ẹ yọ lẹ́ńsì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì gba inú rẹ̀ kọjá láti ẹ̀yìn. Eruku díẹ̀ kò burú. Bí ẹ bá rí ohun tó ta bí okùn aláǹtakùn, bíbu ni, ọ̀rinrin ló fà á, ilẹ̀ wa sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ dá lẹ́ńsì náà padà, iye yòówù kí wọ́n pè é. Ẹ gbé ihò lẹ́ńsì sí f/16, ẹ ya bébà funfun náà, ẹ sún un mọ́jú: àmì dúdú kéékèèké, eruku orí sẹ́ńsọ̀ ni, ó ṣeé nù, ó sì ṣeé fi dín owó kù. Ẹ dé lẹ́ńsì, ẹ ya òkùnkùn. Bí ẹ bá rí àmì pupa tàbí funfun tó dúró gbọin síbì kan, ibi tó ti bàjẹ́ lára sẹ́ńsọ̀ nìyẹn. Ẹ ki máìkì bọ ihò rẹ̀, ẹ mì í díẹ̀. Ẹ gba fídíò fún ogún ìṣẹ́jú níbẹ̀, kẹ́ ẹ máa bá ọlọ́jà tàkúrọ̀sọ, kẹ́ ẹ rí i bóyá á gbóná kú. Ọlọ́jà tí kò bá gbà kẹ́ ẹ ṣe èyí ti dá yín lóhùn.

Ẹ ṣí àkójọ ètò náà kẹ́ ẹ wo èdè rẹ̀. Kámẹ́rà Sony tí wọ́n ṣe fún ọjà abẹ́lé Jàpáànì sábà máa ń sọ èdè Jàpáànì nìkan, wọ́n ń dé ọ̀dọ̀ wa ní tòkunbọ̀, owó wọn sì máa ń fani lójú mọ́ra.

Káàdì ni ìgbẹ̀yìn rírà. Fídíò 4K tó ń lọ ní 100 Mbps ń jẹ nǹkan bí gígábáìtì 45 ní wákàtí kan, nítorí náà káàdì 64 kò ní pé wákàtí kan ààbọ̀. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ V30, àmì iyára káàdì, sí lára, ẹ ra méjì dípò ọ̀kan ńlá. Ayédèrú pọ̀: káàdì 16 tí wọ́n tún kọ 128 sí lára á gba fídíò yín láìwí nǹkankan, á sì máa kọ ọ́ lé èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lórí. Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ fi ẹ̀rọ H2testw sórí kọ̀ǹpútà Windows, tàbí F3 bó bá jẹ́ Mac, ẹ jẹ́ kó kọ nǹkan kún káàdì náà títí dé ẹnu kó tún kà á padà. Ó lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí iná má lọ láàárín. Èyí tí kò bá yege, ẹ gbé e padà lọ lọ́jọ́ kejì, kí rìsíìtì tó sọnù.